Àwo orin Sarz: Ta ló ni orin gan-an, ẹni tó kọ ọ́ ni àbí ẹni tó ṣe é?

Gbajúgbajà pródúsà orin nì, Osabuohien Osaretin, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Sarz, gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Orúkọ tó sọ àwo náà ni Protect Sarz At All Costs. Bí èèyàn bá fi Yorùbá là á, ohun tó ń wí ni pé ohun yòówù kó gbà, ẹ dáàbò bo Sarz. Wizkid wà nínú àwo yìí. Asake wà ńbẹ̀. Gunna, onírápù ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bá wọn dá sí i, Skillibeng náà sì ti Jàmáíkà wá gbóhùn sí i. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò kọrin ńbẹ̀ ni ẹni tó ni àwo.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí kò ti sí bí èèyàn ṣe máa jókòó síbi ìnáwó kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn kí iṣẹ́ ọwọ́ Sarz má dún létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jó lójú agbo pé ta ló ni orin yẹn, orúkọ olórin lẹ máa gbọ́. "Joor Oh" tí Jahbless gbé jáde lọ́dún 2010, tí àwọn ọ̀gbẹ́ni onítàkasúfèé lóríṣiríṣi rọ́ wọ inú àtúnṣe rẹ̀, Sarz ló ṣe é. "Kako Bii Chicken" tí Reminisce fi gbòde kan, Sarz ni. "Come Closer" tí Wizkid pe Drake sí lọ́dún 2017, ọwọ́ Sarz wà ńbẹ̀. Ọmọ bíbí Benin ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, síbẹ̀ ó ṣòro láti sọ ìtàn rápù tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá ṣe lẹ́yìn ọdún 2010 kéèyàn má dárúkọ rẹ̀.

Ẹni tó ti ṣe gbogbo èyí, kí ló tún ń wá tó fi jẹ́ pé ó ku àwo tirẹ̀? Àwọn kan ti ní àṣehàn lásán ni. Wọ́n ní ṣé owó kò tó ni, àbí òkìkí? Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú iṣẹ́ orin kò ní í yára sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni pródúsà ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ rò pé ẹni tó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà ni pródúsà. Wọ́n á ní ó "lu bíìtì," ó tán. Kò tán o. Nínú orin ayé òde òní, àti tàkasúfèé ni o, àti Afrobeats ni o, olórin sáábà máa ń wọlé bá orin tó ti wà nílẹ̀ ni. Ìlù ti wà, ohùn dùùrù ti wà, ibi tí orin á ti lọ sókè àti ibi tó ti máa rọlẹ̀ ti wà. Olórin á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Pródúsà á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún ibẹ̀ yẹn pè." Ó lè gé ìdajì ohun tí olórin kọ dànù. Ó lè mú gbólóhùn kan ṣoṣo tí olórin fi ṣeré kó sọ ọ́ di ègbè tí gbogbo ayé á máa kọ. Lẹ́yìn tí olórin bá ti lọ sílé, pródúsà ṣì wà nídìí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó ń to ohùn pọ̀, ó ń yọ èyí, ó ń fi tọ̀hún sí i.

Kò ṣàjèjì sí wa. Bí onílù ìyáàlù bá yí ìlù padà lójú agbo, olórin gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. Onílù ló mọ oríkì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òun ló máa fi ìlù pè é, kí olórin tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ta ni wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ ẹgbẹ́? Ti olórin ni. Tí owó bá wọlé, ta ló ń pín in? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ Tony Allen ló yẹ ká fi wò ó. Ọmọ Èkó ni, òun ló lu ìlù fún Fela nínú Koola Lobitos, tó tún lù ú nínú Africa 70. Àwọn tó mọ̀ nípa orin gbà pé láìsí ọwọ́ ìlù Tony Allen, Afrobeat ì bá má rí bó ṣe rí. Lọ́dún 1975, Tony Allen ṣe àwo tirẹ̀ tó pè ní Jealousy. Fela ló bá a ṣe àbójútó rẹ̀, àwọn ọmọ Africa 70 kan náà ló bá a lù ú. Ohun kan péré ló yí padà: orúkọ onílù ló wà níwájú. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, Tony Allen kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ owó sì wà lára ohun tó fà á. Nígbà tó kú ní Paris ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní "onílù Fela," ó ti di Tony Allen. Ó gbà á ní ogójì ọdún. Ohun tí Sarz náà ń bá kiri rèé.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde

Nínú ayé tàkasúfèé, pródúsà tó ń gbé àwo jáde ní orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Marley Marl ṣe é ní New York lọ́dún 1988 pẹ̀lú In Control, Volume 1. Ó kó àwọn onírápù ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, ó fún kálukú ní gbohùngbohùn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àwo. Lára àwo yẹn ni "The Symphony" ti wá, níbi tí Masta Ace, Craig G, Kool G Rap àti Big Daddy Kane ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn lórí ìlù kan ṣoṣo. Lónìí, bí àwọn olórin bá tò lórí orin kan bí èrò ọkọ̀ dánfó, tí kálukú ń dúró de àyè tirẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn ì báà mọ̀ ọ́n tàbí kí wọ́n má mọ̀ ọ́n.

Dr. Dre ló wá sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992 ló gbé The Chronic jáde. Dre ń rápù níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì mọ̀ dáadáa, Snoop Doggy Dogg, ló gba ọkàn àwọn èèyàn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: àwo Dre ló sọ Snoop di olókìkí, kì í ṣe pé Dre lọ yá òkìkí lọ́dọ̀ Snoop. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Pete Rock ṣe Soul Survivor. J Dilla náà gbé Welcome 2 Detroit jáde lọ́dún 2001.

Nílé níbí, DJ Jimmy Jatt ló kọ́kọ́ ṣe ohun tó jọ ọ́ tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro, nígbà tó gbé àwo The Industry jáde lọ́dún 2007, tó sì kó 2face, Mode 9 àti Elajoe sórí orin "Stylee." DJ ni Jimmy Jatt, kì í ṣe pródúsà, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló sọ: ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà lẹ́ni tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni Don Jazzy gbà ní tirẹ̀. Òun dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àwo àjọṣe bíi Curriculum Vitae ti Mo' Hits lọ́dún 2007 àti Solar Plexus ti Mavin lọ́dún 2012 ló fi kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ jọ. Ẹni tó bá ni ilé-iṣẹ́, kò di dandan kí orúkọ rẹ̀ wà lára àwo kó tó rí owó gbà. ID Cabasa náà wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe "Gongo Aso" fún 9ice, tí Olamide sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Coded Tunes gbéra. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ràn Olamide pé ta ni ID Cabasa, mélòó nínú wọn ló máa mọ̀ ọ́n?

Ìkòkò owó méjì

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ló ń ta àwọn pródúsà lára jù.

Orin kan ṣoṣo, ìkòkò owó méjì ló ní. Ìkòkò àkọ́kọ́ ni ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, èyí táwọn oníṣẹ́ orin ń pè ní "master." Ìkejì ni ti orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ orin àti ohùn orin, kódà bí ẹlòmíràn bá tún un kọ lọ́la. Wọ́n ń pe ìyẹn ní "publishing." Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti di àṣà nínú tàkasúfèé pé ẹni tó ṣe ìlù àti ohùn orin máa ń gba nǹkan bí ìdajì nínú ìkòkò kejì, kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ gba ìdajì yòókù. Nínú ìkòkò àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sáábà ń fún pródúsà kò ju ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ká ní ìkòkò àkọ́kọ́ ti orin kan mú náírà mílíọ̀nù kan wá. Bí àdéhùn pródúsà bá jẹ́ ìdá mẹ́rin, ọ̀kẹ́ méjì náírà, ìyẹn 40,000, ni tirẹ̀. Ìyẹn bí wọ́n bá fún un. Ilé-iṣẹ́ tó náwó sórí orin náà lè ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ owó àwọn kúrò: owó fídíò, owó ìpolówó, owó ọkọ̀ òfúrufú. Ọdún méjì lè kọjá kí pródúsà tó fojú kan kọ́bọ̀.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọmọ kéékèèké tó wà nínú yàrá kan ní Ìkòròdú, Agége tàbí Mókólá. Wọ́n á ta bíìtì lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Orin á wá dà bí iná ọyẹ́. Nígbà tó bá tó àsìkò owó, olórin á ní, "Ṣebí mo sanwó fún ẹ?" Lóòótọ́, ó sanwó. Ohun tó ra ni kò yé àwọn méjèèjì. Ó lé ní ẹ̀ẹ̀kan tí pródúsà kan ti bọ́ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ké pé òun kò rí nǹkan kan gbà lórí orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ariwo náà máa ń lò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní aláìmoore ni.

Òfin wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ orúkọ ara àwo ti wá ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nínú òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ tí Nàìjíríà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ti ọdún 2022 tó wá rọ́pò rẹ̀, ẹni tí òfin kà sí ẹlẹ́dàá orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni olórin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbà á sílẹ̀, àfi bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá ti ṣe àdéhùn tó sọ ohun mìíràn. Ẹ tún un kà dáadáa o. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gbà á sílẹ̀ ni wọ́n wí. Wọn ò dárúkọ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà mọ́jú. Bí kò bá sí ìwé láàárín pródúsà àti olórin, orúkọ tó wà lára orin ló máa gbẹjọ́ rò.

Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn kò kéré níye. Gbogbo ọdún tí orin Nàìjíríà fi ń gòkè àgbà, láti àsìkò "Gongo Aso" títí dé àsìkò tí Wizkid ń kún O2 Arena ní London, abẹ́ òfin àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé àdéhùn ẹnu lásán ló wà nídìí rẹ̀. Àtijọ́ àti tuntun, ohun kan kò yí padà: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, òfin ní kó wà nínú ìwé.

Èyí ló fi jẹ́ pé kí pródúsà gbé àwo jáde ní orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkìkí nìkan. Ó yí àga padà. Tẹ́lẹ̀, olórin ló ń pe pródúsà wá ṣiṣẹ́. Nísinsìnyí, pródúsà ló ni orin, olórin ló wá ṣe àlejò. Pródúsà ló máa sanwó fún àlejò, òun ló máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni olórin náà pé kí wọ́n jẹ́ kó dá sí orin òun. Orí òun ni ìdúnàádúrà wà. Òun náà ni gbèsè máa bá bí kò bá tà, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Kí èèyàn tó gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Wizkid, ti Asake àti ti Skillibeng sórí orin "Getting Paid" kan ṣoṣo, kí kálukú sì fara mọ́ iye tó máa jẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ lọ́yà ló máa pọ̀ ju iṣẹ́ onílù lọ.

Ṣé àlejò ńlá kò ní í gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́?

Níbi tó yẹ kéèyàn ti bá Sarz wí díẹ̀ rèé. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ló ń wá, àwọn àlejò tó pè tóbi jù. Ẹ gbé "Happiness" yẹ̀ wò, orin tí Asake àti Gunna jọ kọ. Lórí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ Sarz ló síwájú. Ṣùgbọ́n ní ìgboro, kò ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ kí atọ́kùn ètò sọ pé, "Asake lẹ gbọ́ yẹn o, 'Happiness' ni wọ́n pè é." Sarz ti pòórá. Ọmọ tó ń jó sí i nínú ọkọ̀ èrò, ohùn Asake ló mọ̀. Ohùn ni etí èèyàn ń dì mú. Ìlù ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi wé ohun tó ṣe lọ́dún 2021. Nígbà yẹn, òun àti Lojay ló jọ ṣe LV N ATTN, àwo kékeré kan tí kò gùn rárá. Lojay kò tíì ní orúkọ púpọ̀ nígbà náà. "Monalisa" jáde láti inú rẹ̀, ó gba ìlú kan, Chris Brown wá dá sí àtúnṣe rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ń béèrè pé ta ni Lojay, ìdáhùn tí wọ́n ń gbọ́ ni pé ẹni tí Sarz mú wá ni. Ìyẹn jọ ti Dre àti Snoop. Ó ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú WurlD lọ́dún 2019, nínú I Love Girls with Trobul. Nínú àwo méjèèjì yìí, ẹ lè gbọ́ ọkàn pródúsà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé ohùn kan ṣoṣo ló gùn ún, ìlù ló sì ń ṣe àyípadà. Nínú àwo ńlá tó pe àwọn gbajúmọ̀ lóríṣiríṣi, olùgbọ́ máa ń yan èyí tó fẹ́, á fi èyí tó kù sílẹ̀. Àwo á di apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó èso oríṣiríṣi sí.

Òdì kejì ọ̀rọ̀ náà wà o. Ta ni yóò gbé owó sílẹ̀ fún àwo tó kún fún àwọn tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀? Àti pé pródúsà tó bá pe Wizkid tí Wizkid sì dáhùn, ó ti fi hàn gbogbo ayé irú ẹni tóun jẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ìpè yẹn nìkan, ọjà ni.

Metro Boomin, pródúsà ọmọ ìlú St. Louis nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wá ọ̀nà kan sí ìṣòro yìí. Nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ìyá rẹ̀ ló máa ń fi mọ́tò gbé e láti St. Louis lọ sí Atlanta, ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, kó lè bá àwọn onírápù ṣiṣẹ́, kí wọ́n tún yí padà kó lè lọ sí ilé ìwé. (Ìyá mélòó ló máa gbà bẹ́ẹ̀ níbí, tí ọmọ bá ní bíìtì lòun fẹ́ lọ lù?) Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ó gbé àwo tirẹ̀ jáde, Not All Heroes Wear Capes. Travis Scott wà ńbẹ̀, 21 Savage wà ńbẹ̀, Gunna tó wà lọ́dọ̀ Sarz lónìí náà wà ńbẹ̀, Wizkid pàápàá kọrin níbẹ̀ pẹ̀lú Offset àti J Balvin nínú "Only You." Àwo náà gba ipò kìíní lórí Billboard 200. Ohun tí Metro ṣe ni pé ó so àwọn orin mọ́ra wọn. Èyí kò tíì parí tí òmíràn á ti máa yọ wọlé lábẹ́ rẹ̀, ìlù á yí padà láàárín orin, bí ẹni pé ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Nínú àwo rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2022, Heroes & Villains, ó pe Morgan Freeman, àgbà òṣèré orí sinimá, láti máa sọ ọ̀rọ̀ láàárín. Nípa bẹ́ẹ̀, bí olórin ṣe ń wọlé tó ń jáde, olùgbọ́ kò gbàgbé ẹni tó ni ilé.

Nǹkan mìíràn tún ran Metro lọ́wọ́, òun ló sì ran Sarz náà lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ohùn kúkúrú tí wọ́n máa ń fi síwájú orin, tó ń pe orúkọ pródúsà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Àwọn kan ní ariwo ni, àwọn DJ míì tilẹ̀ máa ń fo ó kọjá. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí kò ti sí ìwé kékeré tó ń bá káṣẹ́ẹ̀tì àti sídì rìn mọ́, níbi táwọn èèyàn ti ń ka orúkọ onígìtá àti orúkọ onílù tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìkan ni ìwé ẹ̀rí tó kù fún pródúsà. Ẹ rántí àwo King Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey láyé ọjọ́un. Èèyàn lè yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kó ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lónìí, ojú fóònù ni, àwòrán olórin ló sì gba gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Bóyá àwo yìí kọ́ ni ohun tó máa gbé orúkọ Sarz dúró pẹ́ jù. Lọ́dún 2015, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tó ń pè ní Sarz Academy, níbi tó ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa ìlù jọ láti kọ́ wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ ni P.Priime gbà kọjá, ọmọkùnrin tó kéré lọ́jọ́ orí tó fi di ẹni tí àwọn gbajúmọ̀ olórin ń wá kiri. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Wọ́n nílò kí ẹnì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n tó jáde ní sítúdíò, kí wọ́n mú ìwé kan kalẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan orin náà síbẹ̀, kí wọ́n kọ ìdá tó jẹ́ ti kálukú, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ìwé ojú ewé kan ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nígbà tí orin kò tíì pa kọ́bọ̀. Bó bá ti pa mílíọ̀nù, ọdún mẹ́wàá lè má tó o.

Iṣẹ́ kan sì wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò náà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ MCSN ló ń gba owó orin fún àwọn tó ni ín lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà lára wọn, títí kan ilé ìtura. Ohun tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ fi ń mọ ẹni tí owó tọ́ sí ni àkọsílẹ̀ orin tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lò lójúmọ́. Àkọlé orin máa ń wà nínú rẹ̀, orúkọ olórin máa ń wà. Àyè tó yẹ fún ẹni tó ṣe orin náà, òfìfo ló sáábà máa ń wà, nítorí pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n, kò sì béèrè. "Happiness" àti "Getting Paid" ti yanjú díẹ̀ nínú ìyẹn fún Sarz, torí pé àyè olórin gan-an ni orúkọ rẹ̀ máa bọ́ sí nínú àkọsílẹ̀, níwájú ti Asake, níwájú ti Wizkid. Ìyẹn bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà bá kọ ọ́ pé.